Bí Mo Ṣe Gun Ràkúnmí ní Aṣálẹ̀, Tí Àbúrò Mi Kò Sì Gùn Ún

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ìkòròdú lọ sí Ìtóìkín, tí ẹ sì ń ti ibẹ̀ já sí Ẹ̀pẹ́, ẹ óò jẹ́rìí mi pé ọkọ̀ ti gbọn wá tó lójú ọ̀nà yẹn, a kò sì tìtorí rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé òun ti san owó kí wọ́n fi jíìpù gbé àwa méjèèjì gun òkìtì iyanrìn, kí ó máa jù wá sókè, kí ó máa jù wá sódò, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kòtò ọ̀nà ilé kò tó ọ ni?"

Àbúrò mi yìí ń ta bàtà, báàgì àti léèsì ní Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni èmi ń ṣe ní Ìkòròdú. Ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún 2018 ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ sí Dubai, níbi tí òun ti ń ra ọjà. Ó ní òun mọ ọjà ná, òun sì mọ owó kà, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń fún òun níbẹ̀ kì í yé òun tó, òun kàn ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáá ni. "Bùrọ̀dá mi," ni ó wí, "ẹ wá fi ojú tíṣà yín bá mi wò ó."

Ọkọ̀ òfuurufú gbé wa láti Èkó fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, aago wọn ti fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú tiwa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi rìn káàkiri Deira, tí í ṣe àdúgbò ọjà àtijọ́ ní ìlú náà. Àbúrò mi ń ná ọjà, èmi ń ka ìwé. Mo ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni pé ọjà Ìkòròdú ni mo wà. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí a ti di ẹrù wa tán fún àwọn tí yóò kó o wálé, ni ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ti san dirham 150 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, èyí tí ó tó nǹkan bí náírà 15,000 nígbà náà. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gbangba pé owó tí a bá ti san kì í padà.

TÁYÀ ÀTI ẸSẸ̀ RÀKÚNMÍ

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni jíìpù Land Cruiser kan wá gbé wa. Ọmọ ilẹ̀ Pakistan ni awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni. A rìn tó nǹkan bí wákàtí kan kí a tó dé Lahbab, níbi tí iyanrìn ti pupa bí osùn. Irin tí ó dógùn-ún lára hóró iyanrìn náà ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Kò sí igi, kò sí koríko tí ó tó nǹkan, àfi òkìtì lẹ́yìn òkìtì títí tí ojú fi ń ti.

Àwọn jíìpù bí mẹ́wàá ti tò sílẹ̀ ní etí aṣálẹ̀. Awakọ̀ wa bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ inú táyà dànù. Ẹnu yà mí, nítorí fọkanáísà ni àwa máa ń wá kiri nítorí irú èyí. Ó ṣàlàyé fún mi pé táyà tí ó wà ní ìwọ̀n 35 lójú ọ̀dà, òun yóò mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 15. Ó ní táyà tí ó le koko a máa gbẹ́ iyanrìn bí ọkọ́, a sì rì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá rọ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí ó fi ń kan ilẹ̀ a fẹ̀ sí i, ìwúwo ọkọ̀ a sì pín ká. Ó wá nawọ́ sí ràkúnmí kan tí wọ́n ń fi okùn fà lọ lókèèrè. Ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ ràkúnmí kò ní pátákò líle bíi ti ẹṣin. Ìka méjì ni ó ní, ohun kan tí ó rọ̀ bí tìmùtìmù sì wà lábẹ́ wọn. Bí ó bá gbé e lélẹ̀, a fẹ̀. Bí ó bá gbé e sókè, a tún sún kì. Ohun tí Elédùmarè fi ta ràkúnmí lọ́rẹ ni awakọ̀ yìí ń wá fún táyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán èyí wò lójú ọ̀dà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó sì lè bẹ́ lójijì. Kí àwọn awakọ̀ náà tó gbé wa padà sí ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo táyà ni wọ́n tún fẹ́.

ÌWÉ TÍ A FẸ́ TỌWỌ́ BỌ̀

Nígbà náà ni wọ́n mú ìwé kan wá. Àbúrò mi ti gba kálámù kí ìwé tó dé ọwọ́ mi. Mo ní, "Dúró ná. Ṣé nítorí èyí kọ́ ni o fi gbé mi wá?" Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un ní Yorùbá. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ń dùn, kí ó sọ. Ẹni tí ó bá ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó sọ. Aboyún kò gbọdọ̀ bá jíìpù gun òkìtì, kò sì gbọdọ̀ gun ràkúnmí.

Mo fi àwàdà kún un pé, "Kò kúkú sí aboyún níbí, àfi bí ó bá jẹ́ èmi."

Mo retí kí ó rẹ́rìn-ín. Kò rín. Iyanrìn ni ó ń wò.

Ẹ̀yin ará, ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi ti wà nílé ọkọ nígbà náà láìrí ọmọ gbé pọ̀n. Ohun tí obìnrin ń gbọ́ ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lọ́jà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó rọra dá mi lóhùn pé, "Bùrọ̀dá mi, oṣù kejì rèé tí n kò rí nǹkan oṣù mi. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá kò tíì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ tẹ́lẹ̀ rí, tí ó sì bàjẹ́."

Mo ní, "O sì fẹ́ wọ inú jíìpù yìí?"

Ó ní, "Mo ti san owó. Bí n kò bá sì wọ̀ ọ́, ẹ óò bi mí ní ìdí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Nítorí dirham 150, àti nítorí ìbéèrè tí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bi í, ó ti fẹ́ fi ohun tí ó ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá wewu. Bí mo bá sì jẹ́ kí ó tọwọ́ bọ̀wé náà bí ó ti máa ń ṣe, èmi náà kì bá mọ̀.

Mo pe awakọ̀ náà sí apá kan, mo sì sọ fún un. Kò bínú, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ní irú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun, pé ọkọ̀ kan wà tí ń gba ojú ọ̀nà lọ tààrà sí àgọ́ tí a óò ti jẹun alẹ́, yóò sì rọra gbé e lọ. Kò gba owó kankan kún un. Ó kàn ní inú òun dùn pé a sọ, nítorí kò sí bí òun ìbá ṣe mọ̀ bí a kò bá sọ.

LÓRÍ ÒKÌTÌ IYANRÌN

Wọ́n ní ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ojú tèmi ti rí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí aṣálẹ̀, ó bẹ̀rù! Jíìpù náà gun òkìtì kan tí ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Nígbà tí ó dé ṣóńṣó rẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ni mo rí. Kí n tó mí, ó ti dorí kodò. Iyanrìn bo gíláàsì, inú mi sì wá sí ọ̀nà ọ̀fun. Ó tún fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Mo di irin inú ọkọ̀ mú, bẹ́líìtì dì mí mọ́ àga, síbẹ̀ orí mi ń kan òkè. Mo rántí àbúrò mi, ara mi sì bù máṣọ.

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn jíìpù náà kì í dá rìn. Èyí ń wo ẹ̀yìn fún èyí. Ọ̀kan nínú wọn rì, gbogbo àwọn yòókù sì dúró. Awakọ̀ rẹ̀ kò tẹ iná mọ́ ọn, nítorí bí táyà bá ti ń yí lójú kan náà ni yóò máa gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò níwájú táyà, wọ́n tún dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fà á jáde.

Bàbá wa ni mo rántí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n nígbà ayé wọn, àwọn ni wọ́n máa ń kó ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jà, ọkọ̀ kan kì í dá lọ. Àti pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń jò kì í fi pa mọ́ fún èrò tí yóò wọ̀ ọ́. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ni èmi àti àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ wọkọ̀ láìsọ.

MO GUN RÀKÚNMÍ

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé àgọ́. Àbúrò mi jókòó lórí ẹní, ó ń jẹ dàbínù, ó ń mu tíì, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bí ó ti rí mi tí iyanrìn kún irun àti etí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní dandan ni kí n gun ràkúnmí, kí owó òun má baà ṣòfò pátápátá.

Àwọn ràkúnmí tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń fà wá láti òkè Ọya nígbà Iléyá. N kò gùn ún rí. Ó kúnlẹ̀, mo gorí gàárì. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn, kí n sì di igi iwájú mú gírígírí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ nà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọlẹ̀. Kí n tó pariwo tán, ó ti na ti iwájú. Nígbà tí ó ń rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì apá kan ni ó ń jọ gbé, kí ó tó gbé ti apá kejì. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń mi ènìyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi tún èyí sọ fún àwọn ọmọ: omi kọ́ ni ó wà nínú iké ràkúnmí, ọ̀rá ni. Agbára rẹ̀ ni pé omi ara rẹ̀ lè dín kù títí tí ìdá mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́ta, kí ó má sì kú. Bí ó bá wá rí omi, ó lè mu lítà 100 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irú ẹranko yìí ni ó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó iyọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Ibn Battuta bá àwọn oníṣòwò la aṣálẹ̀ náà ní ọdún 1352, nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n lò kí wọ́n tó dé Walata. Ó sì kọ ọ́ pé ní Taghaza, iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi bo òrùlé.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni tèmi. Ó tó mi.

ÀBỌ̀ Ọ̀RỌ̀

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, mo jáde síta. Nígbà tí a padà délé, ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ lọ, kí ó tó ṣí ẹrù ọjà. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ó bí ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́. N kò ní sọ pé ìwé kíkà mi ni ó fún un lọ́mọ. Àmọ́ inú mi dùn pé mo kà á.

Bí ẹ̀yin náà bá ní irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà dáadáa ná, nítorí wọ́n dá a dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n sì tún ṣí i pẹ̀lú òfin tuntun ní oṣù Keje ọdún 2024. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ, nítorí ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré ní àkókò yòókù. Ẹ má jẹun yó kí ẹ tó wọ jíìpù. Bí ìwé kò bá yé yín, ẹ fún ẹni tí yóò yé kí ó kà á fún yín, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí ó bá sì ń ṣe yín lára, ẹ sọ ọ́. Owó tí a san tí a kò jẹ ìgbádùn rẹ̀, ọjà ọ̀la lè dá a padà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Ìgbàkígbà tí ó bá rí àwòrán mi lórí ràkúnmí, a bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ̀yin dà?" Ìyá rẹ̀ a ní, "Èmi ń tọ́jú rẹ lórí ẹní."