Sìkọ́láṣíìpù àti owó NELFUND: Èwo ni gbèsè níbẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tẹ́ ẹ ń gbé Sábó l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ má kàn mú èyí tówó ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé màá dá a padà?

Sìkọ́láṣíìpù, ẹ̀bùn ni. Àmọ́ tí máàkì bá wálẹ̀, òmíì lè dúró.

NELFUND, ẹ̀yáwó ni, kò sì ní èlé. Òfin ọdún 2024 ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún. ₦20,000 lóṣù ló ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀fẹ́ nìyẹn. Rárá o, gbèsè ni! Oṣù 10 péré, ₦200,000 ti wọ̀ yín lọ́rùn. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, tẹ́ ẹ bá ti níṣẹ́, wọ́n á máa yọ ₦10,000 nínú ₦100,000 owó oṣù.

Torí náà, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé: ẹ̀bùn lápá kan, gbèsè lápá kejì. Tẹ́bùn bá ti gbé oúnjẹ, ẹ fi ₦20,000 yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe dandan.