Àsìkò Tí Èrò Máa Ń Pọ̀ Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, aago nìkan kọ́ ló ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìgbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, àti bí ilé ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́, ló ń fà á. Torí náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa ń wọ́n láti aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti láti 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà yẹn lèrò pọ̀ jù.

Ní Èkó, afárá 3 péré ló so Erékùṣù Èkó mọ́ òdìkejì ọ̀sà, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò nílé ní aago 5, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní São Paulo ní Bràsíl, òfin ti dá sí i láti 1997. Mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 1 tàbí 2 kò gbọdọ̀ rìn láàárín ìlú lọ́jọ́ Ajé, láti aago 7 sí 10 àárọ̀, àti 5 sí 8 alẹ́. Àwọn nọ́ńbà yòókù ní ọjọ́ tiwọn.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? A kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan orí ìyàwó tuntun. Nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, ta ló máa yẹra fún ta? Kí ìyàwó dúró kí aago 9:30 kọjá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ gbéra ṣáájú aago 4. Ẹni tó bá sì dé ìlú mìíràn, kó kọ́kọ́ bi onílé léèrè.

Kí ọ̀nà ó là fún gbogbo wa o. Àṣẹ.