Ìwé Ọgbà: Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Sílẹ̀ Fún Ìgbàgbé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ jẹ́ oníṣòwò, àwọn olùkọ́ inú yín náà kò sì kéré níye. Kò sí ojúlówó oníṣòwò tí yóò tajà àwìn tí kò ní kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé. Kò sì sí olùkọ́ tí yóò wọ kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí kò ní pe régísítà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ wá ní gbèsè, ìwé ni a sì fi ń mọ ọmọ tí ó pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí a gbin ewédú, ilá, ata àti tòmátì sí, orí lásán ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ọjọ́ tí a gbin ata ẹ̀bá kànga, èsì wa kò ju pé, "Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ó ti ṣe díẹ̀" yìí ń ná wa lówó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tòmátì. Èyí tí ó ń ti Òkè Ọya wá a máa pọ̀ lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù keje, ó di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti Kánò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù karùn-ún. Ẹni tí ó ní ogún igi tòmátì tí ó ń so lẹ́yìn ilé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní máa wo ojú alátẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ó yẹ kí ó da irúgbìn rẹ̀ sí nọ́sìrì? Tòmátì a máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ní nọ́sìrì, yóò sì tún lo nǹkan bí oṣù méjì sí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí a bá tú u gbìn síbòmíràn. Ẹni tí ó ń fẹ́ tòmátì pípọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ní láti ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín oṣù kejì, kí ó sì máa bomi rin ín. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀ yóò máa dúró de òjò, ìgbà tí tirẹ̀ bá sì pọ́n, ọ̀wọ́n lè ti kọjá.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àlùfáà ìjọ kan wà ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gilbert White ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1751 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ó ń gbìn sínú ọgbà rẹ̀ sílẹ̀, àti bí ojú ọjọ́ ti rí. Kò sì ṣíwọ́ àkọsílẹ̀ títí di ọdún 1793 tí ó kú. Ara ohun tí ó ń ṣàkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni ó fi ṣe ìwé tí ó jáde ní 1789, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kà títí di òní.

Thomas Jefferson, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1801 sí 1809, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1766, ó sì ń kọ ọ́ títí di 1824. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀ ní Monticello, ó fa ìlà sínú ìwé náà: ọjọ́ tí wọ́n gbin nǹkan, ọjọ́ tí wọ́n tú u gbìn, ọjọ́ tí ó dé orí tábìlì oúnjẹ, àti ọjọ́ tí ó tán. Kì í ṣe èyí tí ó ṣe dáadáa nìkan ni ó ń kọ. Bí ohun kan bá kú, ó kọ ọ́ pé ó kú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ tán. Àwọn ẹrú, ènìyàn dúdú bíi tiwa, ni ó ń ro ilẹ̀ náà. Ilá pàápàá, tí ó bá òwò ẹrú kọjá òkun láti Áfíríkà, wà lára ohun tí wọ́n gbìn níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú kọ́ ni ó di kálámù mú, nítorí náà a kò lè mọ gbogbo ohun tí àwọn tí ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń tọ́jú ọgbà yín, ohun tí ó bá rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

BÍ ÌWÉ NÁÀ YÓÒ TI RÍ

Ìwé ẹsasáìsì kan ti tó. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù dára ju bírò lọ, nítorí bí omi bá ta sí i, kì í ṣàn. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ ya àwòrán ọgbà náà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa kọ ọ́ ní ṣókí, báyìí:

Ọjọ́ 4, oṣù 4: Tẹ̀tẹ̀, bẹ́ẹ̀dì 1. Irúgbìn láti ọjà. Òjò rọ̀ lálẹ́ àná.
Ọjọ́ 9: Tẹ̀tẹ̀ ti yọ. Apá ọ̀tún kò yọ, èèrà ti kó irúgbìn ibẹ̀ lọ.
Ọjọ́ 18: Tẹ̀tẹ̀ míràn, bẹ́ẹ̀dì 2. A fi eérú yí i ká.
Ọjọ́ 6, oṣù 5: A kọ́kọ́ já tẹ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀dì 1. Ìdì mẹ́jọ.

Ẹ wò ó, ìlà mẹ́rin péré ni. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wa pé tẹ̀tẹ̀ wa lo ọjọ́ 32 kí ó tó ṣe é já, àti pé bẹ́ẹ̀dì 2 yóò tó já ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù karùn-ún. Ẹni tí ó gbin gbogbo ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà yóò já gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi sú u, èyí tí ó kù yóò gbó, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e yóò sì tún mú owó lọ sọ́jà. Ẹni tí ó bá ń gbin bẹ́ẹ̀dì kan ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo.

ÒJÒ KÌ Í RỌ̀ BÁKAN NÁÀ LỌ́DỌỌDÚN

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹta kí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àgbàdo tí ó ti yọ sì kú. Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, kí ẹ gbé e sí gbangba tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó. Ní àràárọ̀, ẹ ti rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye mìlímítà omi tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dà á nù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi iṣẹ́ yìí lé àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ́wọ́. Ìṣirò ni, ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ ni pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ ó ti mọ ìgbà tí òjò àdúgbò yín ń fìdí múlẹ̀ ní tòótọ́, àti ìgbà tí ọ̀dá oṣù kẹjọ ń wọlé.

ÀRÙN INÚ ILẸ̀ KÒ GBÀGBÉ

Níhìn-ín ni ìwé ọgbà ti wúlò jù. Ẹ ó rí igi tòmátì tí ó ń dán lánàá tí yóò rọ lójijì lónìí, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ gé igi náà nítòsí ìdí, kí ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́ gaara. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, àrùn inú ilẹ̀ ni. Àrùn yìí a máa dúró sínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a sì máa mú ata àti ìkàn pẹ̀lú, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú tòmátì. Ẹ fa igi náà tu, ẹ sun ún, kí ẹ kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún tí ó ń bọ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ yóò tún kó tòmátì lọ síbẹ̀, yóò sì máa rò pé ẹnìkan ni ó ń ṣe òun.

Bákan náà, bí ẹ bá fa ewédú tu tí ẹ rí kókó lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aràn kékeré tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa kókó náà, òun náà a sì máa ba tòmátì jẹ́.

IRÚGBÌN ÀTI OWÓ

Kí ẹ tó gbìn, ẹ ka irúgbìn mẹ́wàá sórí aṣọ tútù, kí ẹ ká a, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí márùn-ún péré bá hù, ẹ mọ̀ pé ìlọ́po méjì ni ẹ ó dà sílẹ̀, ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rà á. Ní ti ewédú, èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Ẹ kọ èyí tí ẹ rì bọ omi àti èyí tí ẹ kò rì, kí ẹ fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín rè é. Ẹ fi ojú ewé ẹ̀yìn ìwé náà ṣe ìṣirò. Ní apá kan, ẹ kọ owó irúgbìn, owó ajílẹ̀ àti owó alágbàṣe. Ní apá kejì, ẹ kọ iye tí ohun tí ẹ ká ì bá jẹ lọ́jà lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe pé ẹ tà á tàbí ẹ sè é. Ní ìparí ọdún, ìwé ni yóò sọ fún yín bóyá ilá ni ó ń bọ́ ilé tàbí tòmátì ni ó ń jẹ owó ilá.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò ní àyè. Ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ti tó. Àwọn mìíràn yóò ní ilẹ̀ àwọn kéré. Ilẹ̀ kékeré gan-an ni kò gba àṣìṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i. Nígbà tí ẹnìkan bá tún bi yín léèrè ọjọ́ tí ẹ gbin ata ẹ̀bá kànga, ẹ ó ní èsì gidi láti fún un.