Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí ìwé kíkọ kò tíì dé àárín wa, bí ọba kan bá fẹ́ bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, owó ẹyọ ni yóò so pọ̀, tàbí kí ó fi ìyẹ́ ẹyẹ kún un, kí ó sì fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ náà yóò la ìlú já, yóò la igbó já, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó gbé dání àfi ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ènìyàn ń pa sí ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀jẹ̀ ni ìránṣẹ́ tí ń gbé e kiri, họ́mọ̀nù sì ni orúkọ tí Ernest Starling, onímọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́ ní 1905, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì kan tí ó túmọ̀ sí kí a ta nǹkan jí.

Nínú gbogbo àrokò wọ̀nyí, ínsúlínì ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà tí ó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ inú ikùn wa, pánkíríàsì ni àwọn dókítà ń pè é. Ní 1869, Paul Langerhans, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin, rí àwọn ìṣù kéékèèké nínú rẹ̀ tí ó dá dúró bí erékùṣù láàárín ọ̀sà, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Láti inú wọn ni ínsúlínì ti ń jáde. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, láti inú 'erékùṣù' ní èdè Látìn ni ó ti wá. Bí a bá jẹ iyán tán, tí ṣúgà inú rẹ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì, ọmọ erékùṣù, a-bá-ṣúgà-kanlẹ̀kùn, ni yóò lọ bẹ iṣan àti ọ̀rá kí wọ́n gba àlejò wọlé, yóò sì ní kí ẹ̀dọ̀ kó ìyókù pamọ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká.

Àtọ̀gbẹ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àrokò yìí bá kùnà. Nígbà mìíràn, ẹni tí ń rán an ni ó kú: àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn ni wọ́n kọjú ogun sí erékùṣù wọ̀nyí, inú ẹ̀fọ́ sáà ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Nígbà mìíràn, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù, àrokò ń dé, ṣùgbọ́n etí ẹni tí a rán an sí ti di. Ínsúlínì ń kanlẹ̀kùn, wọn kò ṣí, títí tí pánkíríàsì fúnra rẹ̀ yóò fi rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jókòó sétí odò kí ó máa fi itọ́ ṣan ọwọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti aláìsàn yìí: ṣúgà kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ebi sì ń pa ẹran ara rẹ̀. Kíndìnrín a máa da èyí tí ó pọ̀ jù sínú ìtọ̀, omi a sì bá a lọ, òùngbẹ a dé, ara a máa joro. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé èèrà ń dà bo ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní 1889, ní Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ pánkíríàsì ajá kan, àtọ̀gbẹ sì mú ajá náà. Báyìí ni a ṣe mọ ilé tí àrokò ti ń wá, ṣùgbọ́n ó lé ní 30 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ mọ́ débi tí a óò fi wo aláìsàn. Ní ìparí àkókò náà, ìtọ́jú ọmọ tí àrùn yìí bá mú kò ju kí a máa fi ebi dá a dúró kí ikú lè pẹ́ díẹ̀ lọ́nà. Nígbà náà ni Frederick Banting, oníṣẹ́-abẹ tí àwọn aláìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, gbé èrò kan tí ó sọ sí i lọ́kàn lóru lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Macleod fún un ní yàrá, ó fún un ní ajá, ó sì fi Charles Best, ọ̀dọ́mọkùnrin, ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí àìsàn ti sọ di egungun lásán, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì àkọ́kọ́. Oògùn náà kò tíì mọ́. Ibi tí wọ́n gún wú, ṣúgà kò sì lọ sílẹ̀ tó. James Collip, tí òun náà ń bá wọn ṣiṣẹ́, padà sídìí iṣẹ́, ó tún un fọ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 23 oṣù náà tí wọ́n tún gún un, ṣúgà inú ìtọ̀ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ọdún 13 ni ó tún lò láyé. Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ oògùn náà fún Yunifásítì, dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan; dọ́là yẹn ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ìgò kan lónìí.

Síbẹ̀, ínsúlínì kò wo àtọ̀gbẹ sàn. Ó ń rán àrokò tí ara kò lè rán mọ́ ni, ojoojúmọ́ ni Thompson sì ń gba abẹ́rẹ́ títí ó fi kú. Ní ti ẹni tí etí ara rẹ̀ di, oògùn oníhóró wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá jẹ́ oògùn: iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa gba ṣúgà wọlé láìdúró de ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn. Àwọn aláìsàn kan wà, mo sì mọ̀ wọ́n, tí í ṣọ́ ẹnu wọn fún ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Wọn kò mọ̀ pé ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ tó nǹkan bí 120 ọjọ́, pé àyẹ̀wò kan sì wà tí ń ka ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà yóò tú àrokò náà wò, yóò sì bá ọtí ẹlẹ́rìndòdò oṣù méjì sẹ́yìn nínú rẹ̀.