Ẹ̀wà inú igbó tí kòkòrò kò lè jẹ: Ìdí tí wọ́n fi ń kó oríṣiríṣi irúgbìn pamọ́

Kò sí ìyá ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀wà tí kò mọ ìyọnu kòkòrò. Ẹ̀wà tó ń dán lónìí, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú àpò, á ti lu jára. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń da oògùn apakòkòrò sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ó lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá.

Ṣé kò wá sí ẹ̀wà tó lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò ni? Ó wà. Ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní mungbean ló fi hàn bẹ́ẹ̀.

Kí ni mungbean?

Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ni, tí wọ́n ń jẹ gan-an ní Íńdíà, Ṣáínà àti Pakistan. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà tiwa ni, irú kòkòrò kan náà ló sì ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí World Vegetable Center ní Taiwan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn rẹ̀ nípamọ́. Òmíràn kéré, òmíràn tóbi. Òmíràn ń dán, òmíràn kò dán. Aláwọ̀ ewé wà, dúdú náà wà. Àwọn kan tètè ń so, àwọn kan ń pẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Irúgbìn méjì lè jọra bí ìbejì, kí àbùdá inú wọn sì yàtọ̀. Nínú irúgbìn 5,234, àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣa 1,481 nípa ìrísí wọn àti ibi tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n sì mú 296 tó lè ṣojú fún gbogbo ìyókù. Ìyẹn ló mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn tó ń wá irúgbìn tuntun.

Èyí tó wá láti Madagascar

Mungbean inú igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní TC1966, láti Madagascar. Ẹni tó bá rí i lọ́jà kò ní rà á: wóró rẹ̀ kéré jù, pódì rẹ̀ sì máa ń bẹ́ dànù fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, tí kòkòrò bá yé ẹyin sí i lára, ìdin tó bá wọ inú rẹ̀ á kú ni.

Àwọn onímọ̀ mú àtíkè òdòdó rẹ̀, wọ́n fi kan òdòdó mungbean tí wọ́n ń gbìn sóko. Àwọn ọmọ tó jáde jogún agbára yẹn. Àmọ́ wọ́n lè jogún àléébù náà mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọ̀hún fi ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Ìbàdàn ńkọ́?

IITA ní irúgbìn ẹ̀wà tiwa tó lé ní 15,000 nípamọ́. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò, wọ́n sì rí èyí tí wọ́n ń pè ní TVu 2027. Kì í pa gbogbo kòkòrò, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ọṣẹ́ wọn kù, ó sì wúlò fún ṣíṣe irúgbìn tuntun.

Ìyẹn ni pé irúgbìn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lónìí lè jẹ́ ìdáhùn lọ́la. Tí àgbẹ̀ bá pa irúgbìn àtijọ́ tì, tí kò sì sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà yín gbẹ dáadáa, kí ẹ sì kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ọ̀rá onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò kò lè gbé níbi tí kò ti rí afẹ́fẹ́ mí.