Ẹjọ́ Ikú l'Ọ́ṣun: Adájọ́ Ló Ń Dá A ni, àbí Òfin?

Ní ọdún 2014, adájọ́ kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kí wọ́n yẹgi fún ọkùnrin méjì títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára wọn. Ọdún 2010 ni ọlọ́pàá ti mú wọn, ìròyìn sì sọ pé ọmọ ọdún 17 ni ọ̀kan nínú wọn nígbà náà. Ìbọn onígi àti idà ni wọ́n ní wọ́n gbé wọ ilé ọlọ́pàá kan àti ilé ẹlòmíràn. Adìyẹ àti ẹyin wà lára ohun tí wọ́n kó lọ.

Ìròyìn yìí dé Ìlobù, ó dé Ìfọ́n, kò sí ibi tí kò dé. Àwọn òbí ọmọ náà ń sunkún kiri, wọ́n ń bẹ ẹni tó bá lè gbọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àforíjì fún un, kí oṣù náà sì tó parí ni àforíjì ọ̀hún ti jáde.

"Wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí adìyẹ!" Ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ nìyẹn. Àánú ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìdigunjalè ni ẹ̀sùn tó gbé ikú wá. Òfin tó de ìdigunjalè kò sì bìkítà bóyá adìyẹ ni wọ́n kó tàbí àpò owó. Ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí ìbọn wà káàkiri, ni ìjọba ológun ṣe irú òfin náà, ó sì wà nílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá jalè pẹ̀lú ìbọn tàbí ohun ìjà, ikú ni. Bí òfin náà sì ṣe to ohun ìjà lẹ́sẹẹsẹ ń bani lẹ́rù: ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá, kùmọ̀, títí dórí igi, irin, ègé gíláàsì tàbí òkúta tó bá ṣeé fi ṣeni léṣe. Tí ẹ̀rí bá ti fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, adájọ́ kò ní ọ̀rọ̀ méjì láti sọ.

Bákan náà ni ìpànìyàn. Nínú ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ tó kú sí ilé ìtura kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga l'Óṣogbo dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta ní oṣù Karùn-ún 2023. Nígbà tí adájọ́ ti lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi ìpànìyàn, òfin ti parí ìyókù.

Ẹni tó bá ti jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́ yóò mọ apá kan níbẹ̀ tó máa ń dunni. Adájọ́ á ti sọ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, agbẹjọ́rò rẹ̀ á wá dìde láti bẹ̀bẹ̀: ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ kéékèèké, kò ṣẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ ti darúgbó. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ olè lásán, ẹ̀bẹ̀ yẹn lè dín ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù. Nínú ẹjọ́ ikú, kò lè yọ ohunkóhun kúrò. Gbogbo ilé ẹjọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò náà mọ̀, síbẹ̀ yóò sọ ọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń béèrè nípa àwọn júrì, àwọn ará ìlú méjìlá tí a ń rí nínú fíìmù òyìnbó. Àwọn amúnisìn gbé ètò náà wọ Èkó, ṣùgbọ́n kò ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ wa. Lónìí, adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹ̀rí, òun náà ló ń pinnu ẹni tó jẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ọba ń jókòó pẹ̀lú ìjòyè, àwọn Ògbóni sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Ẹnu kan ṣoṣo kọ́ ló ń dá a.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ikú. Júrì á kọ́kọ́ pinnu bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀: bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, àìsàn tó bá a jà, ipa tó kó nínú ìwà ọ̀daràn náà. Láti 1976 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wọn ti sọ pé òfin kankan kò gbọdọ̀ fi dandan pa gbogbo apànìyàn láìwo ẹni tó jẹ́. Ní 2002, wọ́n tún sọ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Arizona pé júrì, kì í ṣe adájọ́, ló gbọ́dọ̀ rí ìdí tí ikú fi lè tọ́ sí ẹnìkan. Ní 2016, wọ́n fi ìpinnu yẹn wó ìlànà Florida.

Síbẹ̀, júrì nìkan kò gba gbogbo ènìyàn là. Ní Alabama, mọ́kànlá nínú júrì méjìlá ní kí wọ́n fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kenneth Smith sí ẹ̀wọ̀n gbére. Adájọ́ yí ọ̀rọ̀ wọn dànù, ó ní ikú ni. Ìpínlẹ̀ náà fagi lé irú agbára bẹ́ẹ̀ ní 2017, ṣùgbọ́n òfin tuntun náà kò kan àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi gáàsì nitrogen pa Smith ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 2024. Ní Florida, júrì mẹ́ta kọ̀ láti fọwọ́ sí ikú ọmọkùnrin tó yìnbọn pa ènìyàn 17 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Parkland. Inú bí àwọn aṣòfin, wọ́n sì ṣòfin ní 2023 pé júrì mẹ́jọ nínú méjìlá ti tó láti dámọ̀ràn ikú.

Ṣé kí àwa náà gba júrì padà? Ẹ wo àgbègbè Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí ìjà ilẹ̀ ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí ìjọba sì ti kéde kónílé-ó-gbélé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ Ìfọ́n lọ sílé ẹjọ́ pé ó pa ọmọ Ìlobù, ìlú wo la ó ti ṣa àwọn méjìlá náà? Ta ni kò ní í ní ìbátan nínú ọ̀rọ̀ náà? Adájọ́ tó wá láti ibòmíràn, tó sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè yẹ̀ ẹ́ wò, sàn jù fún wa.

Ohun tó kù ni pé kí òfin gba adájọ́ náà láyè láti ṣe ìdájọ́. Màláwì ṣe é ní 2007, Ùgáńdà ní 2009, Kẹ́ńyà ní 2017. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí, ilé ẹjọ́ ní dandan ikú kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu, wọ́n sì ní kí adájọ́ máa wo ọ̀rọ̀ oníkálukú kó tó dájọ́. Ọwọ́ kò kúrò lára ọ̀daràn níbẹ̀. Ẹni tí ìwà rẹ̀ burú jáì ṣì lè gba ìdájọ́ tó le jùlọ, ìdílé ẹni tí wọ́n pa kò sì pàdánù ẹ̀tọ́ wọn.

Ní Nàìjíríà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní 1998 pé ìdájọ́ ikú bá òfin ìpìlẹ̀ mu. Òfin àpapọ̀ 2015 ti ní kí a má ṣe dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà, dandan náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń dúró de ikú lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa ju 3,000 lọ. Ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fọwọ́ sí pípa wọn, wọn kì í sì í fọwọ́ sí ìtúsílẹ̀ wọn. Ọdún á máa gorí ọdún, ẹni náà kò kú, kò yè.

Gómìnà lè forí ji ẹnìkan tí ariwo rẹ̀ bá dé etí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pariwo fún un ńkọ́? Òfin ìpínlẹ̀ ni òfin ìpànìyàn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun sì lágbára láti yọ dandan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlobù àti Ìfọ́n, nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣojú yín níbẹ̀ bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí i.