Háídírójìn Abẹ́ Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Kànga Kan Kọ́ Wa

Ní ọdún 1987, àwọn agbẹ́kànga dé Bourakébougou, abúlé kan tí ó wà ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí ìhà àríwá Bamako, olú ìlú Mali. Omi ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé 108 mítà, wọn kò kan omi; afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́ jáde nínú ihò náà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yọjú wo inú kànga, sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lójijì iná bú gbàmù, ó sì jó o. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọn tó pa iná náà. Nígbà tí wọ́n pa á tán, wọ́n dí ẹnu kànga náà pa.

Bẹ́ẹ̀ ni ó wà fún nǹkan bí 25 ọdún. Ní ọdún 2012, Aliou Diallo, oníṣòwò kan tí ó jẹ́ ọmọ Mali, mú àwọn onímọ̀ wá yẹ afẹ́fẹ́ náà wò. Wọ́n rí i pé bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 98 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ háídírójìn. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ kànga náà, abúlé tí kò ní iná mànàmáná rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lò. Mọ́sálásí rí ìmọ́lẹ̀ lálẹ́, àwọn ènìyàn sì rí omi dídì. Ohun tí ń jáde nídìí ẹ̀rọ náà, omi ni.

Kí ni háídírójìn yìí? Òun ni ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo èròjà ayé. Òun àti ọ́síjìn ni ó parapọ̀ di omi tí à ń mu. Nítorí náà, bí a bá dáná sun ún, yóò tún darapọ̀ mọ́ ọ́síjìn, yóò sì padà di omi. Kò sí èédú nínú rẹ̀ tí yóò di èéfín tí ń mú ayé gbóná. Háídírójìn tí aráyé ń lò lọ́dún lé ní 90 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, pàápàá fún ṣíṣe ajílẹ̀ àti fífọ epo rọ̀bì mọ́. Ṣùgbọ́n inú gáàsì àti èédú ni a ti ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yọ, iṣẹ́ náà sì ń tú èéfín púpọ̀ sí òfuurufú. A lè fi iná mànàmáná ya omi sí méjì láti rí i, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni ó ń ná ni. Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn onímọ̀ fi fà sí èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń ṣe é? Ẹ rántí ọ̀bẹ tí a gbàgbé sínú òjò, bí ó ti ń dípẹtà: irin inú rẹ̀ ni ó ń gba ọ́síjìn sára. Àwọn òkúta kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú wọn. Bí omi bá ráyè wọ inú wọn níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, irin náà a gba ọ́síjìn inú omi, a sì jọ̀wọ́ háídírójìn lọ. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ìtànṣán tí ń ti ara yuréníọ̀mù inú òkúta jáde a máa fọ́ omi, háídírójìn a sì yọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn awapo kò ti rí i tipẹ́? Wọn kò wá a ni. Òkúta tí ń bí epo kọ́ ni ó ń bí i. Yàtọ̀ sí èyí, háídírójìn kì í fẹ́ dúró. Ó ń yọ́ gba àárín òkúta lọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ń wá a gbọ́dọ̀ rí òkúta tí ń ṣe é, ọ̀nà tí ó ń gbà gòkè, àti òkúta líle tí ó dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ti ń dé ìkòkò. Ní Bourakébougou, òkúta dúdú kan tí ó ti inú ilẹ̀ gbígbóná yọ́ wá, tí ó sì dì, ni ọmọrí náà.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí ayọ̀ má baà gbé wa gẹṣin aáyán. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjì ṣírò pé háídírójìn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ayé lè tó nǹkan bí 5.6 mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ lè tó aráyé lò fún 200 ọdún. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Àwọn náà sọ pé èyí tí ó pọ̀ jù wà níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tó. Lọ́dún kan náà, a kà nípa ibi ìwakùsà kan ní Bulqizë, ní ilẹ̀ Albania, níbi tí háídírójìn tí kò dín ní 200 tọ́ọ̀nù ti ń tú jáde lọ́dún. Ẹ fi 200 wé 90 mílíọ̀nù, kí ẹ rí bí ọ̀nà ti jìn tó.

Síbẹ̀, àwọn ìjọba kan kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: ní ọdún 2022, ilẹ̀ Faransé fi háídírójìn abẹ́ ilẹ̀ kún ohun tí òfin ìwakùsà wọn fàyè gbà kí a máa wá. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ fi sọ́kàn ni èyí. Ẹni tí ó mu sìgá lẹ́nu kànga lọ́jọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, lè gbiná. Bí a bá fi èdè tí ọmọ gbọ́ láti ilé ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún un, ìgbà tí òun pẹ̀lú bá bá afẹ́fẹ́ pàdé níbi tí ó ti ń wá omi, yóò kọ́kọ́ pa iná ọwọ́ rẹ̀, yóò sì wá béèrè pé kí ni.